Ta Ló La Ọ̀nà Tí Kábọ́ì Gbà?

“Dúró níbẹ̀ yẹn!” Ìyá Onílé fi igi tó fi ń ro ọṣẹ lu etí ìkòkò, ó dún gbọin, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ilé bẹ́ sígbó. “Tún ibẹ̀ kà.”

Mo tún un kà. Ọkùnrin gíga kan ń gẹṣin bọ̀ láti orí òkè. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ẹṣin rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó rí ojú ọ̀nà tóóró kan láàárín koríko, ó tẹ̀ lé e, ọ̀nà náà sì mú un dé ìdí omi kan tó mọ́ gaara. Ó mu, ẹṣin rẹ̀ mu. Ó wá gbójú sókè, ó wo àfonífojì náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, láti òní lọ, tòun ni.

“Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?”

“Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, mà.”

“Ta ló wá la ọ̀nà?”

Mo ṣí ìwé náà síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Ìwé kò sọ. Mo ní bóyá ẹranko ló là á. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò dáa, ó da omi eérú lé ọṣẹ, èéfín sọ. “Ẹranko wo ló máa ń rìn gbọọrọ lọ sídìí omi tí kò ní yà jẹko? Èèyàn ló là á, jàre. Máa kà á lọ, ṣùgbọ́n fi ìka rẹ síbẹ̀. A ṣì ń pa dà bọ̀ wá bi wọ́n.”

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìgàndò la wà, nídìí ààrò ọṣẹ dúdú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé girama nígbà náà. Òórùn eérú èèpo kòkó àti àdín tó ń hó ti gba gbogbo àgbàlá, ó máa ń rọ̀ mọ́ yúnífọ́ọ̀mù mi débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti pariwo “ọmọ ọlọ́ṣẹ” kí n tó yọ sí wọn. Kò bí mi nínú rárá. Ó wù mí kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Onílé kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe ìyá àgbà mi. Òun ló ni ilé tí àwọn òbí mi ti háyà yàrá méjì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, káfíńtà ni. Ìyá Onílé ní tirẹ̀, ọmọ Àwórì pọ́ńbélé ni, Ìgàndò ni wọ́n bí i sí, Ìgàndò náà ló fẹ́ ọkọ sí, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko, tí ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ìkòtún máa ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ó ga, ó dúdú, ó sì mọ̀ pé òun rẹwà. Ojoojúmọ́ ló ń lé tìróò, kódà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ jókòó sínú èéfín. Tí ayálégbé kan bá gbàgbé láti kí i láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ á lọ kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún láti bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ni àwọn ìwé náà. Páálí ńlá kan ni, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kún fún ìwé kábọ́ì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí èèpo ẹ̀yìn wọn ti ya. Bàbá náà máa ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́, á máa túmọ̀ wọn fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń ro ọṣẹ. Nígbà tó kú, ìwé dákẹ́. Àwọn ọmọ wọn ti wà lọ́nà jíjìn, kálukú nílé rẹ̀. Ọjọ́ kan ni Ìyá Onílé bá mi níbi tí mo ti ń ka bébà tí wọ́n fi wé àkàrà fún mi.

“O mọ òyìnbó kà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O lè túmọ̀ ẹ̀?”

“Màá gbìyànjú, mà.”

“Má gbìyànjú. Túmọ̀ ẹ̀ ni.”

Báyìí ni mo ṣe di akàwé fún un. Tí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí mo bá ti jẹun, màá fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ààrò, màá máa ka kábọ́ì. Ẹ má rò pé ó kórìíra àwọn ìwé náà o. Ó fẹ́ràn wọn dé góńgó. Tí mo bá dé ibi tí ọkùnrin méjì ti kojú síra wọn ní ojú títì eléruku, tí ọwọ́ wọn wà lẹ́bàá ìbọn, ọṣẹ lè jóná kò kàn án. Á na igi ọwọ́ rẹ̀ bí ìbọn, á di ojú kan, á ní, “Yìn ín! Kí lò ń wò?” Ṣẹ́rífù wọn, tó máa ń lẹ ìràwọ̀ máyà, ó sọ ọ́ di Baálẹ̀ Oníràwọ̀. Àwọn ẹṣin wọn, ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń bá wọn kẹ́dùn tí ìrìn bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ìdùnnú rẹ̀ ti ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè rẹ̀ ń pọ̀ tó, kò sì sí èyí tó dí èkejì lọ́wọ́.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwọn tó ń gbé ilẹ̀ náà kí àwọn kábọ́ì tó dé, mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe rí i: àwọn ará Íńdíà. Ìyá Onílé máa ń bá àwọn ayálégbé rẹ̀ wo fíìmù Íńdíà ní ọjọ́ Sátidé. Ó gbórí sókè. “Àwọn tó ń jó yípo igi? Ìgbà wo ni wọ́n dé Amẹ́ríkà?”

Bàbá mi tó ń fá pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló dá sí i. Ó ní ohun tí wọ́n kọ́ òun nílé-ìwé ni pé òyìnbó kan ń wá ọ̀nà Íńdíà lórí òkun, ó ṣìnà, ó gúnlẹ̀ síbòmíràn, ó sì pe àwọn tó bá níbẹ̀ ní ará Íńdíà. Àwọn yẹn ní orúkọ tiwọn, ẹ̀yà wọn sì pọ̀.

Ìyá Onílé dá igi dúró nínú ìkòkò. “Ó ṣìnà, ó wá fi ìṣìnà ẹ̀ sọ onílé lórúkọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kò sì béèrè?”

“Kò béèrè, mà.”

“Abèèrè kì í ṣìnà,” ló wí, ó sì ń ro ọṣẹ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí n pè wọ́n ní ará Íńdíà mọ́. Ó ní onílé ni kí n máa pè wọ́n, nítorí ohun tí wọ́n jẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń ṣe mí bákan. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Ìgàndò ni wọ́n ti bí àwọn òbí mi. Ìdajì àdúgbò wa ló ti ibòmíràn wá, láti Ọ̀yọ́, láti Ìbàdàn, láti ilẹ̀ Ígbò. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bá a yí ọṣẹ ní róbótó-róbótó, mo bi í bóyá àwa náà ni kábọ́ì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tìróò bà jẹ́.

“Bàbá ẹ tó ń sá fún ajá, ṣé òun ló fẹ́ gun ẹṣin?” Ó nu ojú rẹ̀ tán, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. “Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ dé, ó dọ̀bálẹ̀ níbí yìí. Ó ní, ‘Màmá, ibo la ti ń pọnmi, kí sì lèèwọ̀ ibẹ̀?’ Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, àlejò ni. Àlejò lè pẹ́ títí, kó di ará ilé. Kábọ́ì ò béèrè ní tiẹ̀.” Inú mi dùn. Mo sáré lọ bá bàbá mi nídìí pákó, mo dì mọ́ ọn, kò sì mọ ohun tó fà á.

Ní ìsàlẹ̀ páálí la ti rí ìwé kan tó yàtọ̀. Kò sí ìbọn nínú àwòrán iwájú rẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan ló wà níbẹ̀ lórí ẹṣin, ó kọ̀yìn sí wa. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó wà lára àwọn ọmọ ogun tó lé àwọn onílé kúrò ní àfonífojì kan. Ìlú ńlá wá hù níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ìjọsìn, ọjà àti ọkọ̀ ojú irin, ọdọọdún ni àwọn ará ìlú sì ń pàtẹ́wọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí akọni. Nígbà tó dàgbà tán, ó wù ú kó tún mu omi ìsun tó kọ́kọ́ mu lọ́jọ́ tó dé. Kò rí ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kọ́lé lé e. Ó dúró láàárín ìlú tí òun fúnra rẹ̀ gbà fún wọn, ó ń bi àwọn ọmọdé pé ọ̀nà ìsun dà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Ó wá rántí obìnrin kan tó pàdé lójú ọ̀nà náà lọ́jọ́ ogun, ìkòkò omi wà lórí rẹ̀, ó wò ó lójú, kò sì sá.

Ìyá Onílé gbé igi kalẹ̀. Ọṣẹ ń hó, púkẹ́ púkẹ́. Ó ní, “Ẹni tó kọ eléyìí ti bi ara ẹ̀ léèrè.”

“Àwọn tó kù ńkọ́, mà?”

“Irọ́ ni wọ́n ń pa, wọn ò dẹ̀ mọ̀ ọ́n pa. Wọ́n ní kò séèyàn, ẹnu kan náà ni wọ́n tún fi ní ọ̀nà wà. Tóo bá ń ka ìwé ẹni tó gba ilẹ̀, ọ̀nà ni kóo máa wò. Kò rántí láti pa ọ̀nà rẹ́.” Ó ní kí n tún ibi obìnrin tó ru omi yẹn kà fún òun. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí.

Àwa náà ní ìsun tiwa. Tí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé Ìyá Onílé, tí ẹ kọjá ilé búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn, ọ̀nà tóóró kan ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó, ó ń lọ síbi tí omi ti ń sun láti abẹ́ gbòǹgbò igi kan, nínú iyanrìn funfun. Omi náà tutù, kò ní òórùn kankan. Omi bọ́họ́ọ̀lù àdúgbò wa ní tirẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà, ó máa ń kun aṣọ funfun, ọṣẹ kì í sì í dì nínú rẹ̀. Omi ìsun yìí ni gbogbo wa ń mu, òun sì ni Ìyá Onílé fi ń sẹ́ eérú ọṣẹ rẹ̀, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe kó tó kọ́ ọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ yìí kan náà ló gbin pèrègún sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, lọ́tùn-ún lósì, láti òkè dé ìdí omi. Ẹni tó bá ti dé oko rí mọ pèrègún. Òun ni wọ́n fi ń pa ààlà. Tí ẹ bá gé e, á tún rú. Tí ẹ bá fi igi rẹ̀ gún ilẹ̀ lásán, á ta gbòǹgbò. Níbi tí ẹ bá sì ti rí i tó tò lọ gbọọrọ, ọwọ́ èèyàn ló tò ó.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wàhálà dé. Ìbátan ọkọ rẹ̀ kan tó ń gbé nígboro ta igbó ìsàlẹ̀ yẹn fún kọ́ńpìnnì kan tó fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì. Títà rẹ̀ kọ́ ló bí Ìyá Onílé nínú. Ó ní ilẹ̀ ọkùnrin náà ni, kó tà á. “Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló lè tà. Ọ̀nà odò kì í ṣe ti ẹnì kan.” Típà kọ́ńpìnnì gba ọ̀nà ìsun wọlé, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ọ̀nà kò gbà á dáadáa, àwọn òṣìṣẹ́ yọ àdá, wọ́n gé pèrègún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́lẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí igi rẹ̀ ṣòfò. Wọ́n gbẹ́ ẹ ṣóńṣó, wọ́n fi ṣe èèkàn, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ ní ìlà níbi tí wọ́n fẹ́ mọ ògiri sí. Ní ẹnu ọ̀nà lókè, wọ́n ri òpó méjì, wọ́n sì ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i.

A bá fóòmánù wọn níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré ni, ọmọ ìgboro, bàtà rẹ̀ mọ́ jù fún iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò rí wa fín. Ó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Kò sí nǹkan kan níbí, igbó lásán ni. Plánì wa ò fi ọ̀nà kankan hàn.”

Èmi àti Ìyá Onílé wo ara wa. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, kí ẹkún tó dé. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn rí, mo mọ ojú ìwé tó wà. Mo fẹ́ sọ ọ́ jáde, Ìyá Onílé di ọwọ́ mi mú, mo panu mọ́.

Àwọn obìnrin àdúgbò ní àwọn á lọ fa wáyà náà ya. Ìyá Onílé ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ Ìgàndò, Baálẹ̀ sì ní kí àwọn kọ́ńpìnnì dá iṣẹ́ dúró títí ọ̀gá wọn á fi ti òkè òkun dé, kí gbogbo wa lè jókòó sọ ọ́. Iṣẹ́ dúró, àmọ́ wáyà wà níbẹ̀. A wá ń ra omi, a ń fi omi pupa wẹ̀. Ọṣẹ Ìyá Onílé kọ̀, kò dì. Ó ń yọ́ lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná, àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Shasha sì ń dá a pa dà. Èmi ti rò pé ó máa pariwo, pé ó máa ṣépè. Ojú ọ̀run ló ń wò ní tirẹ̀. Nígbà tí mo bi í ohun tó ń dúró dè, ó ní, “Jẹ́ kójò rọ̀ ná.”

Òjò rọ̀. Ó rọ̀ dáadáa, ó rọ̀ léraléra. Ọ̀gá kọ́ńpìnnì dé, wọ́n sì pè wá sí ilé Baálẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìyá Onílé wọ ìró àti bùbá tó gbayì jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ó lé tìróò, ó ní kí n mú ìwé ọkùnrin gíga yẹn lọ́wọ́.

Ọ̀gá náà jẹ́ àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun. Ó sọ̀rọ̀ tó dùn. Ó ní ẹ́sítéètì á mú iná wá, á mú títì wá, Ìgàndò á tẹ̀ síwájú. Àwọn kan tiẹ̀ mi orí. Fóòmánù ṣí plánì sórí tábìlì, ó fi ìka lọ gbogbo rẹ̀, ó ní kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Baálẹ̀ wá yíjú sí Ìyá Onílé, ó ní àwọn ń gbọ́.

“Ọmọ mi máa kàwé fún yín,” ló wí.

Ó pè mí ní ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo dìde, mo kà á ní òyìnbó, mo kà á ní Yorùbá: ọkùnrin gíga, ẹṣin tí òùngbẹ ń gbẹ, ojú ọ̀nà tóóró láàárín koríko, omi tó mọ́ gaara. Mo dé ibi tó ti ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, láti òní lọ, tòun ni. Mo dúró, mo fi ìka síbẹ̀.

“Ta ló la ọ̀nà?” Ìyá Onílé bi gbogbo ilé.

Ọ̀gá kọ́ńpìnnì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ń yí i wò. “Màmá, mo mọ irú ìwé yìí. Abẹ́ tábìlì la ti ń kà á nílé-ìwé. Kò sẹ́ni tí ò fẹ́ jẹ́ ọkùnrin yẹn nínú wa.”

“Ẹ ti wá dà á nìyẹn. Típà yín, ibo ló gbà wọlé?”

Ọ̀gá wo fóòmánù. Fóòmánù wo bàtà rẹ̀. “Ọ̀nà kékeré kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, sà. Àmọ́ kò sí mọ́. Koríko ti bò ó, a ti gé gbogbo ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀.”

“Ó dáa,” ni Ìyá Onílé wí. Ó ti dìde. “Ẹ jẹ́ ká lọ wo èyí tí ò sí mọ́.”

Gbogbo wa bọ́ síta. Baálẹ̀ wà níwájú, àwọn obìnrin pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo wà lẹ́yìn. Wọ́n tú wáyà. A wọlé, a sì dúró.

Mi ò lè gbàgbé àwọ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Koríko ti bo ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́tùn-ún lósì, pèrègún ti rú. Kùkùté kọ̀ọ̀kan ti yọ ewé tuntun méjì mẹ́ta, ó ń dán, ó tò lọ gbọọrọ láti ẹsẹ̀ wa dé ìdí igi ìsun, ọ̀nà wà láàárín rẹ̀ tí afọ́jú pàápàá lè fi ọwọ́ tẹ̀ lé. Ìyẹn nìkan kọ́. Ní apá òsì, níbi tí wọ́n ti kan èèkàn ògiri wọn, gbogbo èèkàn náà ti rúwé. Ìlà èèkàn kọ́ńpìnnì ti di ọgbà pèrègún, èèkàn kọ̀ọ̀kan gbé ìdì ewé lórí bí ẹni tó wé gèlè.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ló bá di ẹ̀rín gbogbo ayé.

“Fóòmánù,” ni Baálẹ̀ wí, ó ń gbìyànjú kí ojú rẹ̀ má tú, “níbo lẹ ti ra èèkàn yìí? Mi ò rí i rà ní Ìkòtún rí.”

“A ò rà á, sà. Ibí náà la ti gé e.”

“Ibí wo?”

Ọmọkùnrin náà nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òun náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó fọwọ́ kan ewé orí èèkàn kan, ó mi orí. “Ẹlẹ́rìí témi fọwọ́ ara mi kàn mọ́lẹ̀ rèé,” ló wí. Ó dìde, ó ní àwọn kò ní mọ ògiri dí ọ̀nà náà, àwọn á pín in sí méjì, ọ̀nà á sì gba àárín kọjá bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ìyá Onílé, ó ní kó dákun.

“Ẹ ò jà wá lólè,” ni Ìyá Onílé wí. “Ẹ ò kàn béèrè ni.”

Bàbá onírùngbọ̀n náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko tútù. “Mò ń béèrè báyìí, Màmá. Ibo ni omi wà?”

Ìyá Onílé jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó gbádùn rẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ dìde, ẹ tẹ̀ lé mi.” Ó mú un lọ sí ìdí ìsun, ó fi igbá bu omi fún un, ọkùnrin náà mu ún tán, ó tún na igbá kí wọ́n bu òmíràn. Ìyá Onílé sọ sí mi létí pé, “Wò ó. Ó ti di àlejò.”

Àwọn obìnrin ti dé ìdí omi. Kẹ́ẹ̀gì ń dún, orin ti bẹ̀rẹ̀, bàbá mi pàápàá ń ru omi lórí bí ọmọbìnrin. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọṣẹ tó dì jù lọ jáde nínú ìkòkò Ìyá Onílé. Ó dúdú, ó rọ̀, ó ń hó ní ọwọ́ kí omi tó kàn án dáadáa. Ó bu ìdì kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà. Ó bu èkejì fún fóòmánù, ó ní kó fi bọ́jú kó lè máa ríran.

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Onílé ti kú. Èmi ló fi páálí ìwé sílẹ̀ fún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbé e wá bá mi tayọ̀tayọ̀, nítorí wọn kò ní àyè fún un. Ọ̀nà ìsun ṣì wà ní Ìgàndò di òní, láàárín ògiri ẹ́sítéètì méjì, pèrègún ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ ní ilé-ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá báyìí. Mo máa ń fún wọn ní ìtàn kábọ́ì kà, èyí tó ń fọ́nnu àti èyí tó ń bi ara rẹ̀ léèrè, mi ò sì ní kí wọ́n má gbádùn ìbọn inú rẹ̀. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n fi ìka síbi tí wọ́n bá ti rí ọ̀nà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín. Tó bá yá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú ìwé gbogbo, tòyìnbó tàwa, ọ̀kan nínú wọn á sì pariwo pé, “Mà, ọ̀nà rèé o!”

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pè ní Command, níbi tí Èkó ti ń sún wọ inú oko àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Bíríkìlà wa na okùn yí i ká. Mo rí ojú ọ̀nà tóóró kan tó gé igun ilẹ̀ náà kọjá, mo ní ọ̀nà kí nìyí. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mà. Igbó lásán ni.” Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi rò pé nǹkan ń ṣe mí. Mo ní kó fa okùn sẹ́yìn. Ọkọ mi kọ́kọ́ jiyàn, ó ní ilẹ̀ wa ń dín kù. Mo sọ ìtàn èèkàn tó rúwé fún un, ó lọ mú ọkọ́. Ìgàndò la ti lọ gé igi pèrègún wá, a rì í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà lọ́tùn-ún lósì, òjò àkọ́rọ̀ sì bá a nílẹ̀.

Ó ti rúwé. Àràárọ̀ ni àwọn obìnrin kan ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú bẹ́séénì lórí, a máa ń kí ara wa. Ìyá arúgbó kan nínú wọn dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wo pèrègún, ó wò mí.

“Ìyàwó, ṣé ìwọ lo la ọ̀nà tó dára báyìí?”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Rárá, mà. Ẹ̀yin lẹ là á. Èmi kàn gbin ewé sí i ni.”